Lẹ́tà láti Weyburn: Pásítọ̀ Tó Di Olórí Ìjọba

Weyburn, Saskatchewan,
Kánádà.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òtútù ti dé, yìnyín sì ti bo oko àlìkámà lọ rẹrẹ. Ìlú yìí kéré: bí gbogbo èèyàn ibẹ̀ bá kó wá sí Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹ lè má mọ̀ pé àlejò dé.

Ẹ ní àwọn tó fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ ti ń wá sí ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, ẹ sì bi mí irú olóṣèlú tí wọ́n ní níbí. Ọ̀rọ̀ náà ju ti fóònù lọ, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Tommy Douglas ni ẹni tí wọn ò gbàgbé. Falkirk ní Scotland ni wọ́n ti bí i ní 1904. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Winnipeg. Àrùn wọ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, owó ò sí, wọ́n sì fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà. Oníṣẹ́ abẹ kan ló tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tó dàgbà, ó ní kò yẹ kí ẹsẹ̀ ọmọ tálákà dúró lórí oríire bẹ́ẹ̀.

Ní 1930 ó di pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi níbí. Ọ̀dá mú, àwọn àgbẹ̀ di aláìní. Èyí ló tì í sínú òṣèlú, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní 1935. Láti 1944 di 1961, òun ni olórí ìjọba Saskatchewan.

Díẹ̀díẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ìjọba rẹ̀. Láti oṣù Kínní 1947, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san dọ́là 5 lọ́dún, ìdílé kan ò sì ní san ju 30 lọ. Bí àìsàn bá gbé wọn dé ọsibítù, ìjọba ló ń sanwó. Lẹ́yìn náà ló na iná mànàmáná dé àwọn oko. Ìgbà tí àpò ìjọba lè gbé e ló tó kan owó dókítà. Òfin tó ní kí ìjọba máa san owó dókítà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1962, àwọn dókítà sì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 23. Douglas ti kúrò nípò. Woodrow Lloyd tó rọ́pò rẹ̀ ò yẹsẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùdìbò Regina kọ Douglas sílẹ̀ nínú ìbò àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1966 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó mú ètò ìlera náà kárí Kánádà, nígbà tó sì di 2004, àwọn òǹwòran tẹlifíṣọ̀n CBC dìbò yàn án ní ọmọ Kánádà tó ga jù lọ.

Bàbá, Awólọ́wọ̀ ni mo rí nínú ìtàn yìí. Owó orí tí ìjọba rẹ̀ fi kún un nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn èèyàn nínú, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀, ní oṣù Kínní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ṣí. Àwọn méjèèjì sọ ẹni tí yóò sanwó kí wọ́n tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì fara da ìbínú àwọn èèyàn.

Nítorí náà, bí àwọn olùdíje bá tún dé, ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe nìkan. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni owó rẹ̀ yóò ti wá, ọdún mélòó ni yóò gbà, ta ni yóò sì parí rẹ̀ bí wọ́n bá kúrò. Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dìbò fún un.



Èmi ni àkọ́bí yín.