Láti New Benin Dé Èbúté Kútọnu: Bí A Ṣe Lọ Pàdé Ìyá London

Nígbà tí a ṣe ìpàdé tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó bi wá léèrè bí ìrìnàjò tí àwa àti Bàbá wa àgbà lọ sí Kútọnu ti rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè kà á. Ìwé mẹ́fà ni a kà, iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ni a ń ṣe ní ibùdókọ̀ Agbor, nítorí náà kí ẹ má retí ọ̀rọ̀ ńláńlá lọ́wọ́ wa. Ohun tí ojú wa rí ni a ó sọ.

Orúkọ ìlú ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá London, àbúrò Bàbá, ẹni ọdún 82, ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé òun ti sanwó ọkọ̀ ojú omi kan tí yóò gbé àwọn èrò gba etíkun Áfíríkà kọjá, àti pé ọkọ̀ náà yóò dé Benin ní oṣù kẹta ọdún 2025. "Ẹ wá pàdé mi ní èbúté," bẹ́ẹ̀ ni ó wí. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́ nítorí àyà rẹ̀. Ìgbà tí ó wálé kẹ́yìn ni ìgbà ìsìnkú ìyá wọn ní ọdún 1989. Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe gba ilé kan! Àwọn ìyàwó ilé ti ń ka iye adìyẹ tí a ó pa.

Àwa ni a kọ́kọ́ dúró rò ó. Èbúté wo ni ó wà ní Benin? Ìlú wa kò ní òkun. Ughoton ni èbúté Ọba Benin látijọ́, níbi tí àwọn Potogí ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti bí ọdún 1486 kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ rìn wọ ìlú, ṣùgbọ́n abúlé létí odò ni Ughoton lónìí. Koko àti Sapele náà, odò ni wọ́n jókòó tì. A ní kí ìyá wa ya àwòrán ìwé ọkọ̀ náà ránṣẹ́. Nígbà tí ó dé, a kà á lẹ́ẹ̀mejì: "Cotonou, Benin." Benin ti Dàhòmì ni ìyá wa pè ní Benin tiwa.

Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó lọ ní ọdún 1963, Dahomey ni orílẹ̀-èdè yẹn ń jẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Ààrẹ Kérékou yí orúkọ rẹ̀ padà, tí ó sì mú orúkọ apá òkun tí ó wà níwájú wọn, èyí tí àwọn òyìnbó ti ń fi orúkọ ìlú Ọba pè láti ayébáyé. Báyìí ni ìlú kan ṣe di ìlú, di òkun, di orílẹ̀-èdè, tí New Benin tiwa sì wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú ọjà rẹ̀.

A rò pé Bàbá yóò ní kí a fi í sílẹ̀. Ẹni ọdún 85 ni, orúnkún kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bí ó bá ti Ìlú Òyìnbó dé Kútọnu, ó ti dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ta ni í dúró nínú ilé kí àlejò máa kan ilẹ̀kùn?"

Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀ tí ó ju àlejò lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ti wà láàrin àwọn méjèèjì láti ọdún 1994. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n ti jókòó lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà sì ti lọ, ó ti bọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń kí ara wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó bọ bàtà tí òkúta wà nínú rẹ̀ ni. Bàbá kò fẹ́ kí òun tàbí àbúrò òun kú kí wọ́n tó fi ojú kan ara wọn sọ ọ́. Ó fún wa láyè láti kọ ìyẹn.

Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó sin ín lọ ní ọdún 1963, ọdún tí wọ́n dá Midwest sílẹ̀. Ẹni ogún ọdún ni ìyá wa, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń lọ kọ́. Wọ́n yà sí Iléṣà kí àwọn àgbà lè súre fún un, nítorí láti ibẹ̀ ni bàbá wọn ti ru aṣọ wá sí Benin gẹ́gẹ́ bí òṣómàáló. Ní Ìbàdàn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìddó. Aureol ni orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé e ní Àpápá. Ọdún 1951 ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń kó lẹ́tà àti èrò láàrin Èkó àti Liverpool, nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ó sì fi ń rìn ín. Ní ọdún 1974 ni ó fi iṣẹ́ kíkó èrò sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ òfurufú ti gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá ní òun dúró ní èbúté títí òun kò fi rí gèlè àbúrò òun mọ́. Gèlè aláwọ̀ ewé ni. Ó ti sọ ìyẹn fún wa ní ìgbà àìmọye, síbẹ̀ ó tún un sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìwé kí a má baà gbàgbé, nítorí èyí ni yóò wúlò fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Kútọnu, ó sì lè dúró fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àrùn ibà pọ́njú. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ. Ìyá London ní tirẹ̀ gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbé.

Gbogbo ilé dá owó jọ, ẹgbẹ́ sì fi tirẹ̀ kún un, a dúpẹ́. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀, a gba Mission Road bọ́ sí Ring Road, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, a sì dé pápákọ̀ òfurufú tí ó wà láàrin ìlú níhìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ Bàbá nínú ọkọ̀ òfurufú nìyẹn. Ó di àpò kan mú lórí itan rẹ̀, kò jẹ́ kí a gbà á. Kí ó tó parí àdúrà rẹ̀, wọ́n ti ní Ìkẹjà ni a wà.

Ilé ọmọ ìyá wa kan ní Agége ni a sùn. Láti Ìkẹjà, a wọ ọkọ̀ ojú irin pupa ti Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Agbádó àti Òyìngbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ọkàn wa ni ó fà wá síbẹ̀, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ojú irin kò lè rí irin tuntun kí ó má gùn ún. Bàbá bi wá bóyá ó dé Àpápá. A ní rárá, ẹni tí ó bá ń ti Ìkẹjà lọ sí Àpápá yóò sọ̀ ní Òyìngbò kí ó tún wọ mọ́tò, kí ó sì máa bẹ Ọlọ́run nítorí tírélà. Ó ní nígbà tiwọn, ìdààmú kò tó báyìí.

Ọkọ̀ òfurufú Kútọnu yẹ kí ó gbéra ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. A kò ní dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Aago mẹ́jọ kọjá, aago mẹ́wàá kọjá, kò sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun fún wa ju "ẹ ní sùúrù" lọ. Ìwé ọkọ̀ ojú omi ìyá wa sọ pé kí gbogbo èrò ti padà wọlé ní aago mẹ́rin. Fóònù rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi nínú ọkọ̀ náà, nítorí náà a ti fi àdéhùn sí ẹnu ọ̀nà èbúté láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè ránṣẹ́ sí i. Bàbá kò bínú. Ó kàn ń wo aago ara ògiri. Nígbà tí a gbéra, ó ti kọjá aago méjì ọ̀sán, ìrìn tí kò tó wákàtí kan. Ẹ gbọ́ wa o: bí ẹ bá ní ọkọ̀ ojú omi láti pàdé, ẹ dé ìlú náà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Àwa ṣọ́wó ilé ìtura ná, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ohun tí owó kò lè rà san án.

Ní Kútọnu, òṣìṣẹ́ tí ó ń yẹ ìwé wò bi Bàbá pé níbo ni ó ti wá.

"Benin," ni Bàbá dáhùn.

"Bàbá, Benin ni ẹ wà yìí."

"Mo mọ̀. Benin ni mo ti wá sí Benin."

Ọkùnrin náà pe ẹnìkejì rẹ̀ kí ó wá gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wo yẹ́lò káàdì wa, wọ́n lu òǹtẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ́ owó sí sẹ́fà tán, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù.

Ohun tí ó dára ní Kútọnu ni pé pápákọ̀ òfurufú àti èbúté wà nínú ìlú kan náà, ọ̀nà títì kan ṣoṣo, Boulevard de la Marina, ni ó sì so wọ́n pọ̀ lẹ́bàá òkun. Ọ̀kadà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mì, ì bá yára jù, ṣùgbọ́n orúnkún Bàbá kò gbà. Tásì ni a wọ̀. A kọjá níwájú ère obìnrin ológun Dàhòmì tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022. Ère náà ga tó 30 mítà, ìbọn wà lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ kejì. Ní ọjọ́ mìíràn Bàbá ì bá ní kí a dúró. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà èbúté. A rí ọkọ̀ náà láti òkèèrè, funfun, ó ga ju gbogbo àká ibẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà wá láti wo ojú Bàbá. A lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, a ń wá ọ̀rọ̀ Faransé tí a kò ní, ó sì fi Yorùbá dá wa lóhùn. Ọmọ Kétu ni. Ó ní, "Aago tiyín kọ́ ni ọkọ̀ yẹn ń lò. Láti Lómè ni ó ti wá lánàá, aago Lómè ni ó ṣì gbé sọ́rùn." Aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, ọkọ̀ náà kò sì yí tirẹ̀ padà nítorí ọjọ́ kan péré. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni nínú ọkọ̀!

Ó wá nawọ́ sí abẹ́ agboòrùn kan. Obìnrin ará Sákẹ́tẹ́ kan ń ta búrẹ́dì níbẹ̀, ìyá arúgbó kan sì jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá nílẹ̀. Àwọn èrò yòókù ti lọ wo Ganvié àti Ouidah. Ìyá wa kò lọ ibì kankan. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ó ti jókòó níbẹ̀, oníbúrẹ́dì náà ni ó fún un ní omi, tí ó sì ń bá a yí agboòrùn tẹ̀lé oòrùn.

Bàbá fi oríkì rẹ̀ pè é. Kò sí ẹni tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní London, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kò jẹ́, Bàbá fẹ́ dá a dúró, orúnkún tirẹ̀ náà kò jẹ́, àwa àti oníbúrẹ́dì ni a di àwọn méjèèjì mú. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti gbó o," ni ó wí. Bàbá ní, "Ìwọ náà ńkọ́?"

Nígbà náà ni Bàbá tú àpò rẹ̀. Aṣọ òkè ìyá wọn ni, ìpín ìyá wa nígbà tí wọ́n pín ogún ní ọdún 1989, èyí tí ó fi síbẹ̀ tí kò padà wá gbé. Ó gbé e sórí itan àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò wá, a sì mọ̀ pé kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A lọ ra búrẹ́dì tí a kò fẹ́ jẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún bí ìṣẹ́jú ogún, a kò gbọ́. A rí i pé Bàbá ń sọ̀rọ̀, ó sì bo ojú; a rí i pé ìyá wa fi ọ̀pá rẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹní gbá ọmọdé, tí ó sì ń mi orí. Nígbà tí a padà, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Bọ́ọ̀sì ọkọ̀ náà kó o wọlé nígbà tí aago tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ lu márùn-ún. Kò fi aṣọ náà sínú àpò. Ó fi wé orí.

A gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti Àgbádárìgì padà ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú mọ́tò, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró kò ní òǹkà, Bàbá sì sùn kọjá púpọ̀ nínú wọn. Ìyá London ti dé ilé rẹ̀ láyọ̀. Ó kí gbogbo ẹgbẹ́. Owó tí ó fi rán wa fún àga gbọ̀ngàn ìpàdé ti wà lọ́wọ́ Akápò, rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wa. Nípa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a mẹ́nu bà lókè, Bàbá ní kí a sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.