Ọkọ̀ Ọlọ́lá Lójú Ọ̀nà Abà

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ nǹkan sílẹ̀, a mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn yóò kọ nípa ọ̀gá àgbà, nípa agogo òwúrọ̀ àti nípa ẹ̀wà ọjọ́ Ẹtì. Àwa yóò kọ nípa ọkọ̀ kan. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu: láti inú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ọkọ̀ náà ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Jàpáánì ni wọ́n ti ṣe é.

Ọmọ kíláàsì wa ni ó fún wa ní ọkọ̀ náà. Ibùsùn tí ó wà lábẹ́ tirẹ̀ ni àwa ń sùn sí ní gbogbo ọdún tí a fi gbé inú ọgbà yìí, gààrí rẹ̀ ni a sì ń bù mu nígbà tí tiwa bá tán. Ọlọ́run bá a ṣe é ní Èkó. Ní ọjọ́ tí a pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó rán awakọ̀ wá pẹ̀lú Lexus GX 470 kan, jíìpù tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2006, aláwọ̀ fàdákà, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, tí igi dídán sì yí sítíárìn rẹ̀ ká. Ohun tí ó kọ sínú káàdì ni pé, “Ó tó gẹ́ẹ́. Má gun ọ̀kadà mọ́.” A gbàdúrà, a jó, aya wa sunkún ayọ̀.

Ní àkókò náà, a ń ṣe àbójútó àwọn ìjọ kéékèèké ní Òkè-Ògùn, ní ìhà ibi tí a ti ń ti Ìgbòho lọ sí Kìṣí. Ìjọ méje ni ó wà ní ìkáwọ́ wa, mẹ́rin nínú wọn sì wà ní abà tí ọkọ̀ kì í dé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ àgbẹ̀ àti ti màlúù ni ọ̀nà wọn: iyanrìn níbì kan, àpáta níbòmíràn, ẹrẹ̀ níbi tí odò bá ti gé e kọjá.

Ọkọ̀ ọlọ́lá náà kò fara da òjò àkọ́kọ́. Àtẹ̀gùn dídán tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn kọ lu àpáta, ó sì tẹ̀. Táyà rẹ̀, tí ó dára lórí ọ̀dà, di ẹrẹ̀ sínú, ó ń yí lójú kan. Àpò afẹ́fẹ́ tí ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró bẹ́, ọkọ̀ sì fi ìdí jókòó bí ajá. Àwọn ọmọ ìjọ tí a ń lọ wàásù fún ni ó fi okùn àti èjìká fà wá jáde, tàwọn ti aṣọ ìsìn lọ́rùn wọn. Láti ọjọ́ náà, a gbé ọkọ̀ sílé, a da tápólì bò ó, a padà sórí ọ̀kadà.

Oṣù méje ni ó lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa wá kí wa. Ó wo ohun tí a bò náà títí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀bùn ni èyí ni àbí òrìṣà? Ẹ da aṣọ bò ó, ẹ kò sì jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ kankan.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lákínyẹmí ara.

A gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí àwọn tí wọ́n ní oko ńlá máa ń gbé ọkọ̀ wọn lọ bá. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá, agbádá ni ẹ ń wò. Ṣòkòtò iṣẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀.” Ó ṣàlàyé fún wa pé láti 2002 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé GX 470 jáde ni ó ti jẹ́ ọmọ ìyá Prado ti Toyota, férémù irin kan náà ni ó gbé àwọn méjèèjì. Sílíńdà 8 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ó tó lítà 4.7. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń gba agbára nígbà gbogbo. Ó ní jíà kékeré fún ibi líle, ó sì ní bọ́tìnnì tí ó ń so agbára iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, kí ọ̀kan má baà máa yí lásán nígbà tí èkejì dúró. Ohun tí ó kù kò ju kí a bọ́ ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Owó tí a ń tọ́jú de ìgbà ìfẹ̀yìntì ni a fi ṣe é. Aya wa ni ó kọ́kọ́ dá a lábàá.

Wọ́n yọ àtẹ̀gùn dídán, wọ́n sì jó irin tí ó nípọn mọ́ férémù dípò rẹ̀, èyí tí ó lè jókòó lórí àpáta kí ó má tẹ̀. Wọ́n yọ àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n fi sípíríǹgì irin sí i, wọ́n gbé ara ọkọ̀ sókè ní ínṣì méjì. Wọ́n gé etí bọ́ńpà iwájú kí táyà tí ó tóbi lè rí ààyè yí. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ni wọ́n fi ọ̀pá gbé gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ihò ìmí áàsìlì sókè, nítorí pé bí áàsìlì tí ó gbóná bá kan omi tútù, a máa fa omi náà sínú ọ́ìlì rẹ̀.

Níbẹ̀ ni a ti kọ́ ohun kan tí a kò gbàgbé. Sípíríǹgì a máa gbé ara ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n kò lè gbé áàsìlì ẹ̀yìn sókè rárá. Irin róbótó tí ó wà láàrin áàsìlì náà, tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọ lu òkúta, ń bẹ níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Táyà nìkan ni ó lè gbé e. A kúrò lórí táyà 265/65 lọ sí 265/70, lórí rímù 17 kan náà. Táyà tuntun náà fi nǹkan bí mìlímítà 26 ga ju ti àtijọ́ lọ, áàsìlì sì fi ìdajì rẹ̀ ga sí i. Lẹ́yìn gbogbo ariwo àti ìnáwó, ìdajì ínṣì péré ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fi kúrò nílẹ̀. Aago eré sì bẹ̀rẹ̀ sí purọ́ díẹ̀: bí ó bá fi 100 hàn, 103 ni ọkọ̀ ń sá.

Ní ti afẹ́fẹ́ táyà, olùkọ́ físíìsì wa ni a rántí. Nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ó mú bíríkì kan, ó gbé e nàró lórí iyanrìn, ó rì. Ó tún dà á dùbúlẹ̀, kò rì mọ́. Ó ní ìwúwo kan náà ni, ibi tí ó fi tẹ ilẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí a tó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, tí a ń yọ afẹ́fẹ́ táyà láti 32 sí 18 lórí géèjì. Táyà náà tẹ́ sílẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ọkọ̀ tí ó ti rì sì rìn jáde. Bí a bá ti dé orí ọ̀dà, a óò tún fẹ́ ẹ padà, nítorí táyà tí ó rọ̀ a máa gbóná lórí eré títí yóò fi bẹ́.

Ní òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà, a dé abà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọ̀kan nínú wọn, ọmọ mẹ́fà ni a ṣe ìsàmì fún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí àlùfáà kò dé ibẹ̀ rí nígbà òjò.

Ṣùgbọ́n a ti ṣe àṣìṣe kan kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀: a kò sọ fún olóore. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwa ti dúpẹ́, a sì rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tí ó wá sí ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nínú oṣù Kárùn-ún, ó bá ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò, ẹrẹ̀ dé ojú fèrèsé, irin dúdú níhìn-ín, ọ̀pá lọ́hùn-ún. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

“Ta ni ó ṣe èyí?”

A ní àwa ni.

“Mo fún ọ ní ọkọ̀ kí ara lè tù ọ́, o sọ ọ́ di lọ́rì agbépákó. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, ṣé o kò lè sọ ni?”

Kò bá wa jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí a bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e.

Ọ̀nà abà ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, jíà kékeré ni a fi ń di ọkọ̀ mú, kì í ṣe bíréèkì. A kì í ki àtàǹpàkò bọ inú sítíárìn, nítorí bí táyà bá kọ lu òkúta, sítíárìn lè yí lójijì kí ó ṣẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ọkọ̀ jáde, a kì í so okùn mọ́ orí irin róbótó tí a fi ń wọ́ ọkọ̀ ẹrù, nítorí ó lè já kí ó sì fò bí ọta ìbọn. Lékè gbogbo rẹ̀, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Òfin kan ni a rú. Àwọn baba wa ní ẹnìkan kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn bí odò ti jìn tó. Ó yẹ kí ènìyàn fi ọ̀pá wọ omi ṣáájú ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹsàn-án, a ti pẹ́ fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ìjọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ wò ó, sà.” A dá a lóhùn pé ọkọ̀ yìí ní ọ̀pá ìmí. A kò tíì dé àárín odò tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí tì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pá ìmí a máa dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Kò lè sọ pé kí omi má gbé ọkọ̀. Táyà iwájú ti ọwọ́ òsì já sínú kòtò tí òjò òru gbẹ́, ọkọ̀ tí a ti gbé sókè sì fì síhà kan ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ohun tí ó bá ga ni ó máa ń tètè dojú dé. Ojú fèrèsé ni a gbà jáde. Ọmọkùnrin náà kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. A di ẹ̀wù rẹ̀ mú, òun di ẹ̀ka igi mú, títí àwọn ará abà fi ju okùn sí wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ni katakata oko kan tó fa ọkọ̀ jáde.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ bá ìyá ọmọ náà. A kò jókòó títí a fi jẹ́wọ́ pé àwa ni a jẹ̀bi. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Ó sọ̀rọ̀, Bàbá. Bí ó bá tún sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbọ́.”

Ọ̀rẹ́ wa gbọ́ ìròyìn náà ní Èkó. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè. “Ṣé o wà láàyè?” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. A bẹ̀ ẹ́ pé a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ kí a tó fi ayùn kan ẹ̀bùn rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ó wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí a dé odò náà, òun ni ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, tí ó fi ọ̀pá wọ inú omi. Nínú ilé ìsìn abà náà, ó jókòó pẹ̀lú wọn lórí bẹ́ǹṣì pákó. Bí ìsìn ti ń parí, bàbá àgbà kan dìde, ó dárúkọ ọ̀rẹ́ wa ní kíkún, ó sì gbàdúrà fún un. Ó yíjú sí wa pé níbo ni wọ́n ti mọ orúkọ òun. A sọ fún un pé láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti dé ibẹ̀ nínú òjò ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí a ń padà lọ, ó fi ọwọ́ pa ibi tí ẹ̀gún ti họ lára ilẹ̀kùn. Ó ní, “Bí o bá tún fẹ́ gé e, pè mí kí n wá bá ọ di ayùn mú.” Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó fi okùn ńlá kan àti ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ táyà ránṣẹ́.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, a kọ àròkọ lórí ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 8. Ìwé tí ó ń kà nìkan ni ó gba ọkàn wa nígbà náà. Nísinsìnyí, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni a ń rò. Ìjòyè ni ọkùnrin náà, ìṣúra ayaba ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹpẹrẹ. Síbẹ̀, ọ̀nà aṣálẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù sí Gásà ni ó gbé e gbà. Bí ó bá ti fi í sílé kí ẹwà rẹ̀ má baà ṣá, ta ni Fílípì ìbá bá pàdé?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ilé-ẹ̀kọ́ yìí gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa sókè. Oyè, ilé àti ipò, ara ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé sókè. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ wo áàsìlì tirẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí i pé ọ̀nà tí ọmọ yín ń gbé ẹ̀bùn yín gbà kò rí bí èyí tí ẹ lérò, ẹ wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ tó bínú.

A ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọkọ̀ náà kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí náà ni ó ń wà á lọ sí abà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá dé etí odò, ó máa ń pa ẹ́ńjìnnì, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì mú ọ̀pá rẹ̀. Kí Olúwa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa.