Owó Onígbọ̀wọ́ Kì í Ṣe Owó Ọrẹ

Bí họlidé bá ti ń sún mọ́, àwọn ọ̀dọ́ Challenge níbí máa ń gbé proposal ìdíje bọ́ọ̀lù wá pé ká bá wọn kà á, kó tó dé ilé-iṣẹ́ ńlá. Àdúrà ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Àmín ni o! Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó fẹ́ fọwọ́ sí owó máa bèèrè pé: kí ni tiwa níbẹ̀?

Ẹ wo Ọjúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Globacom ti fi ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀. Ṣé àánú ni? Rárá o. Ọjọ́ kẹta Iléyá, èrò rẹpẹtẹ, gbogbo ojú ló ń rí orúkọ Glo. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Nehemáyà gbàdúrà kó tó dá ọba lóhùn, síbẹ̀ ó dá ìgbà tó máa padà, ó sì sọ ohun tó fẹ́ fi igi ṣe.

Torí náà, ẹ kọ ọjọ́, pápá, iye owó jẹ́sì àti omi, àti ibi tí orúkọ wọn máa wà. Bí 100 ọmọ lẹ ń retí, ẹ má kọ 1,000. Irọ́ ni, Ọlọ́run ò sí nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ètò, ẹ gbé rìsíìtì àti fọ́tò padà lọ fún wọn.

Ọmọ tó wà lórí pápá ò ní ráyè ìkọkúkọ̀ọ́ nígboro. Ìdí tá a fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ gbé tiyín wá lẹ́yìn ìsìn Sunday. Ẹ máa rí ojú rere!