Láti Agége dé Ìkẹjà: Búrẹ́dì Wa àti Ewé Àlìkámà

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Agége ní ìdájí, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ni yóò pàdé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ru búrẹ́dì, tí wọ́n ń kiri lọ. Ẹlẹ́wà aganyìn sì ń retí wọn níwájú.

Ilẹ̀ oko ni Agége yìí nígbà kan. Lọ́dún 1907 ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ Yorùbá sì ti ibẹ̀ kọ́ bí a ti ń gbin kòkó. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó gbé orúkọ ìlú náà kiri lónìí, kò sí ẹyọ ọkà kan nínú rẹ̀ tó hù níbẹ̀. Àlìkámà ni, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń gba orí òkun wá.

Mo dúró ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá Pen Cinema. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Búrẹ́dì yìí mà kéré sí ti tẹ́lẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, èmi kọ́ o. Owó fùláwà ni. Bí mo bá fi owó lé e, oníbàárà á bínú. Bí n kò bá fi lé e, kí ni n ó fi san owó ilé ìwé ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi rìn gba Ọgbà lọ sí Ìkẹjà, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Lójú ọ̀nà náà ni ilé ọtí Guinness wà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1962. Nígbà tí ìjọba dá kíkó ọkà bálì wọlé dúró ní 1988, àwọn ilé ọtí wa yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ọtí sì ń hó bí ti àtẹ̀yìnwá. Ti àlìkámà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìjọba fòfin de kíkó o wọlé láti 1987 títí di 1992, búrẹ́dì sì di ọ̀wọ́n gógó, nítorí ohun tí ń mú ìyẹ̀fun fà kí ó sì wú kò sí nínú ọkà bàbà. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ́ sílẹ̀ ní 2022, àwa náà jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Kí ló dé tí a kò gbin tiwa tó? Ooru wà lára olórí ọ̀tá àlìkámà. Ní Kano, Jigawa, Kebbi àti Borno, ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń gbìn ín, láti oṣù November, tí wọ́n ń darí omi sí i. Bí àgbẹ̀ bá pẹ́ gbìn ín, ìgbà tí ọmọ bá ń kún nínú ṣírí ni ooru yóò ká a mọ́. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 30 Celsius, ewé a tètè gbẹ, ọmọ ọkà a sì hunjọ.

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ti dán wò ní India, Pakistan àti Egypt ni pé kí a bọ́ ewé náà fúnra rẹ̀. Gbòǹgbò kì í rí oúnjẹ fà dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbóná, nítorí náà wọ́n ń po ajílẹ̀ mọ́ omi, wọ́n ń fọ́n ọn sí ewé. Yúríà ń jẹ́ kí ewé òkè pátápátá, tí í ṣe ìyá tí ń bọ́ ọmọ ọkà, pẹ́ ní tútù. Pọtásíọ̀mù ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣọ́ omi ara rẹ̀. Síńkì ń dín ìbàjẹ́ tí ooru ń ṣe nínú ewé kù. Kílò méjì yúríà nínú 100 lítà omi tó. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a fọ́n ọn, nígbà tí ṣírí bá fẹ́ yọ àti nígbà tí ọmọ bá ń kún. Ẹni tó bá fọ́n ọn lọ́sàn-án gangan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń jó ewé.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ajílẹ̀ yìí kò lè rọ́pò omi, kò sì lè gba ẹni tó pẹ́ gbìn sílẹ̀. Gbígbìn lásìkò ni ìpìlẹ̀, pẹ̀lú irúgbìn tó lè fara da ooru, irú èyí tí ilé ìwádìí Lake Chad ní Maiduguri ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro kó má baà gún ni lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ nípa ilẹ̀ Òkè Ọya, ẹ má fi mọ sórí ẹ̀pà àti màlúù. Ẹ fi àlìkámà kún un. Ẹ̀yin oníṣòwò, àgbẹ̀ Jigawa tó bá gba ewé rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, ìyá Pen Cinema náà ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí irú wọn bá pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ọjà ìyá náà yóò bọ́ lọ́wọ́ ogun ìlú onílùú.