Ilé Ìdáná Tí Ó Kù Díẹ̀ Kí Ó Parí: Ohun Tí A Rí Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Adó-Èkìtì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù kò ní rìn jìnnà kí ó tó máa rí àwọn àpáta ńláńlá tí ó yí ìlú Ìkẹ́rẹ́ ká, tí Olósùnta àti Òròlé jẹ́ olókìkí jù lọ nínú wọn. Àwọn arìnrìn-àjò tí ó ti kọ̀wé nípa ìlú náà ṣáájú wa pọ̀, àpáta wọ̀nyí àti ààfin Ògògà sì ni wọ́n sábà máa ń ròyìn. Àwa kò lọ nítorí àpáta. Ilé ìdáná ni a lọ wò, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, àti láti Ìsẹ̀ dé Ẹmùré. Bí èyí bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín tán kí ó tó máa bá wa lọ. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni a wọ̀ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a bá òkìtì yanrìn àti àpò sìmẹ́ǹtì ní ẹ̀hìnkùlé ẹnìkan, bí a bá sì bèèrè, wọn a ní àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun ni ó fi owó ránṣẹ́, pé kí a tún ilé ìdáná màmá àwọn ṣe.

Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ti ń ṣàkíyèsí, òun ni ó sì gbé wa dìde: ìpìlẹ̀ àti ògiri ilé ìdáná kì í sábà fa àríyànjiyàn. Ìgbà tí iṣẹ́ bá kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó parí, tí ó ku ilẹ̀, omi, iná àti ọ̀nà èéfín, nígbà náà ni a óò mọ̀ bóyá ẹni tí yóò dáná níbẹ̀ ni a ń kọ́ ọ fún, tàbí ẹni tí yóò wo àwòrán rẹ̀ láti òkè òkun.

Ní Ìkẹ́rẹ́, a kò lè kọjá ààfin láìdúró. Láàrin ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó sì fi Ìsẹ̀ ṣe ilé títí ó fi kú ní ọdún 1938, gbẹ́ opó àti ilẹ̀kùn sí ààfin náà. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan lọ sí ibi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní London. Àwọn British Museum fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ògògà kò gba owó lọ́wọ́ wọn, ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn opó náà sì wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá rí àwòrán opó yìí kò ní ṣe aláìrí i pé ọba jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àgbà sì dúró lẹ́hìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìtẹ́ mú. Agbẹ́gilére ti mọ ẹni tí ó gbé ilé dúró láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn bíríkìlà wa kan kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa ilé ìdáná àtijọ́, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kò wọ irú rẹ̀ rí. Ẹ̀hìnkùlé ni ó máa ń wà, ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ rẹ́ títí yóò fi máa dán. Ààrò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọlọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, odó sì wà nítòsí ẹnu ọ̀nà níbi tí ẹni tí ń gún iyán yóò ti rí àyè na ọwọ́. Lókè ààrò ni àjà wà, tí a to igi sí. Níbẹ̀ ni a ń kó àgbàdo tí a óò gbìn ní ọdún tí ń bọ̀ sí, pẹ̀lú ẹran àti ẹja tí a fẹ́ kí ó gbẹ. Èéfín tí ń gòkè lójoojúmọ́ ni ó ń lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo náà, tí ó sì ń mú kí ó gbẹ. Nítorí náà, àwọn tí ó ń sọ pé aláìmọ̀ ni àwọn baba wa tí wọn kò fi ihò gidi sílẹ̀ fún èéfín láti jáde, kí wọ́n rọra. Àká ni ilé ìdáná náà jẹ́ pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ìfẹ́ ohun àtijọ́ pa òtítọ́ mọ́. Ohun tí ó pa kòkòrò kò ṣe ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ní rere. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, èéfín ohun ìdáná inú ilé fa ikú ènìyàn tí iye wọn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àwọn tí ó lé ní 237,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn ìyá tí ó ń pọ́n ọmọ sẹ́hìn bí wọ́n ti ń fẹ́ iná ni kí a rántí bí a bá ka iye yìí. Èédú kò sì yọ wá nínú ewu bí ọ̀pọ̀ ti rò. Lóòótọ́, èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, èyí tí ó lè pa ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú àdògán.

Ní Ìsẹ̀, ìlú Arínjálẹ̀, a wọ ilé kan tí wọ́n ti parí ilé ìdáná rẹ̀ láti bí ọdún méjì. Ó lẹ́wà. Táìlì funfun wà láti ilẹ̀ dé àyà ògiri, síǹkì ń dán, àwọn pẹpẹ onílẹ̀kùn sì yí i ká. Àga oníke mẹ́rìndínlógún ni a bá nínú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra wọn, pẹ̀lú agboòrùn ńlá kan. Ìyá ilé ń dáná lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀hìn, nínú èéfín bí ti àtẹ̀hìnwá. A bi í léèrè ohun tí ó fà á. Ó ní ilẹ̀ náà ń yọ̀ bí omi bá kán sí i, pẹpẹ ìdáná ga ju òun lọ, fèrèsé sì kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni pé ó ń ròyìn ilé ẹlòmíràn.

Ẹmùré, ìlú Ẹlẹ́mùré, ni a ti bá iṣẹ́ ní ìparí rẹ̀ gan-an, ọjọ́ mẹ́ta ni a sì fi lọ tí a fi bọ̀ níbẹ̀. Ilé ìyá kan ni, opó tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, ó sì máa ń wúkọ́ ní òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó jìnnà sí èéfín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ tísà, ni ó ń bójú tó iṣẹ́, àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì sì ni ó ń fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ti lẹ táìlì dé ìdajì ilẹ̀ nígbà tí ìyá wọlé, ó fi ẹsẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò, ó sì sọ fún bíríkìlà pé:

“Ọmọ mi, níbo ni n óò gbé odó sí?”

Bíríkìlà wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ìyá, ẹ óò máa gún un níta ni.”

“Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?”

Kò fèsì. Tísà náà ní kí iṣẹ́ dúró.

Ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe ti agídí. Ní Èkìtì, ilé tí a kò ti lè gún iyán kò tíì di ilé. Táìlì kò sì lè gba odó, nítorí gbogbo agbára ọmọ odó ni ó ń ti inú odó sọ̀kalẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Bí ó ti wù kí táìlì dára tó, bí àyè bá wà lábẹ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì kò dé, yóò là. Àwọn kan ń fi táyà ọkọ̀ tàbí àpò tí a ká sábẹ́ odó, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí ní Ẹmùré dára ju èyí lọ lójú tiwa. Wọ́n na páánù síwájú lẹ́hìn ilé ìdáná, wọ́n fi ògiri kúkúrú yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì fi erùpẹ̀ tí a lù mọ́lẹ̀ dáadáa sílẹ̀ ní àárín rẹ̀ fún odó. Níbẹ̀ náà ni wọ́n mọ ààrò igi kan sí, pẹ̀lú ihò èéfín tí a fi bíríkì mọ gòkè kọjá òrùlé. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní òkè òkun kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ nípa ààrò igi mọ́. Ó ní gáàsì ni òun rán owó rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn lórí fóònù pé iye owó gáàsì kì í dúró sójú kan, àti pé ní ọjọ́ òkú tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó, sítóòfù olójú méjì kò lè se oúnjẹ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. A wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́, a sì fi orí wa gbè é.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n da omi korobá kan sí ilẹ̀ tí a ti lẹ táìlì sí. Ó yẹ kí omi náà ṣàn lọ sí ojú ihò gọ́tà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró sí igun kan bí adágún. Bíríkìlà ní èyí kò tó nǹkan, pé aṣọ ìnulẹ̀ wà fún un. Tísà kò gbà, ó ní kí wọ́n ṣí táìlì mẹ́rin tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì tún un lẹ̀. Igun tí omi bá dúró sí ni ìyá arúgbó yóò ti yọ̀ ṣubú, itan tí ó bá sì ṣẹ́ ní àádọ́rin ọdún kì í jinná wéré. Wọ́n yẹ abẹ́ síǹkì wò pẹ̀lú. Ọ̀nà omi ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, kí omi díẹ̀ lè máa dúró nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi yìí ni ìdènà tí kì í jẹ́ kí òórùn kòtò padà wọ inú ilé.

Ti gáàsì ni ó gba àkókò wa jù. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí, kì í gòkè lọ sí ojú fèrèsé. Nítorí náà ìta ni wọ́n gbé sìlíńdà sí, nínú àgò onírin, kò sì sí kòtò gọ́tà nítòsí rẹ̀. Wọ́n dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri ilé ìdáná pẹ̀lú, nítòsí ilẹ̀. Lẹ́hìn náà tísà po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi kan gbogbo oríkèé rọ́bà, a sì jọ wò ó bóyá yóò hó. Ojú kan hó. Wọ́n tún un dì, kò hó mọ́. Ìyá béèrè bóyá kò ní yá jù kí a fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ilé sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Pẹpẹ ìdáná ni wọ́n tún wó. Wọ́n ti mọ ọ́n sí gíga tí ọjà sábà máa ń ní, èyí tí ó dé àyà ìyá náà, nítorí ẹ̀hìn rẹ̀ ti tẹ̀. Wọ́n ní kí ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, kí ó na ọwọ́ bí ẹni tí ń ro ọkà, wọ́n sì fi okùn wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà yìí ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níwájú wa.

Ọ̀rọ̀ àjà ni kò tíì parí. Àgbàdo irúgbìn tí ìyá náà ń gbìn, láti ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ti gbà á, kò sì tíì pa á run rí. Tísà fẹ́ kí ó sá a gbẹ dáadáa, kí ó bọ́ ọ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó kún dé ẹnu, kí ó sì dé e pinpin. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò kú nígbà tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí. Òtítọ́ ni, a sì ti rí i níbòmíràn. Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì pín àgbàdo náà sí méjì: ìdajì wọ kẹ́ẹ̀gì, ó ní kí wọ́n to igi àjà kékeré kan sókè ààrò ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìdajì yòókù. Ó ní ìgbà ìgbìn ni yóò sọ èyí tí ó gbọ́n nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí a dágbére fún wọn, ọ̀dà kò tíì kan ògiri, nítorí a ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tuntun pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó gbẹ. Ilẹ̀kùn ṣì wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Ìyá ti gbé odó rẹ̀ sórí erùpẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, ó sì rán ọmọdé kan lọ sí oko kí ó lọ mú iṣu wá.