Ẹ fajú ro kí ọmọ rí i

Ní Kétu nílẹ̀ Benin, Yorùbá lọmọ ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nílé ìwé, ìgbà tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Gẹ̀ẹ́sì ń dé. Faransé ni wọ́n sì sábà fi ń túmọ̀ “frown” fún un. Kí ló dé? Kí olùkọ́ fajú ro níwájú kíláàsì, ó tán! Ààlà ọdún 1889 fi Kétu sọ́dọ̀ Faransé, ó fi Ìmẹ̀kọ, tó wà ní Nàìjíríà báyìí, sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ bákan náà là ń fajú ro níhà méjèèjì.

Ìlò “frown” ló gba àlàyé. Ẹni tó ń “frown” lè máa bínú, ó sì lè kàn máa ronú jinlẹ̀. Tí “on” bá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kúrò lójú: wọn ò fara mọ́ nǹkan náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin olùkọ́, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi ṣàlàyé èyí fáwọn ọmọ.