Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọ Ewé Lórúkọ

Ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí èmi àti ìdílé mi ń gbé, ọjà kan wà tí kì í ju ọjọ́ kan lọ. A máa ń ná an lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, a sì tún máa ń ná an nígbà tí ooru bá ń rọlẹ̀ lápá ìparí ọdún. Kò sí ẹran níbẹ̀, kò sí aṣọ. Ewéko nìkan ni a ń tà, àwọn tí a ń tà náà kì í sì í ṣe èyí tí a kó ti òkèèrè wá. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ewéko ìbílẹ̀ ní àdúgbò wa ni ó ni ọjà náà. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń lọ síbẹ̀, ó sì di ọdún kẹta tí mo ti ń dúró nídìí tábìlì gẹ́gẹ́ bí òǹtajà tí kì í gba owó iṣẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá máa ń bi mí pé kí ni mo ń wá láàrin àwọn àgbàlagbà òyìnbó tí wọ́n ń fi ìka tú ilẹ̀. Mo fẹ́ fi ìwé yìí dá wọn lóhùn, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa lọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ibi tí a wà.

Ewéko ìbílẹ̀ ni èyí tí ènìyàn kò gbé wá. Ó ti wà lórí ilẹ̀ kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kòkòrò, ẹyẹ àti ẹranko ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, òun náà sì ti mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí irú ewéko bẹ́ẹ̀. Ní 1965 ni ti ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀. Ní 1982, Lady Bird Johnson, ìyàwó Ààrẹ Lyndon Johnson tí ó ti di olóògbé nígbà náà, àti Helen Hayes tí ó jẹ́ òṣèré, dá ibùdó ìwádìí lórí òdòdó ìgbẹ́ sílẹ̀ ní Austin, olú ìlú Texas. Orúkọ Lady Bird Johnson ni ibùdó náà ń jẹ́ títí di òní. Texas náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri àwọn ìlú.

Báyìí ni ọjà wa ṣe ń rí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa ká èso ewéko ní àsìkò tí ó bá gbó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Wọn a gbìn ín sínú ike kékeré lẹ́yìnkùlé wọn, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ la òtútù já. Ní ọjọ́ ọjà, ìwé pélébé kan máa ń wà lára ike kọ̀ọ̀kan: orúkọ ewéko, bí oòrùn tí ó fẹ́ ti pọ̀ tó, bí omi tí yóò mu ti pọ̀ tó, àti ẹ̀dá tí ń jẹ lára rẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ni pé, "Irú ilẹ̀ wo ni ẹ ní?" Bí ó bá sọ pé abẹ́ igi ni gbogbo àyíká òun, a kì í ta ewéko tí ó fẹ́ oòrùn fún un, bí ó tilẹ̀ na owó sí wa. Èrè tí a bá jẹ ni a fi ń ra irinṣẹ́, tí a sì fi ń ran àwọn ilé ìwé tí ó bá fẹ́ dá ọgbà lọ́wọ́.

Ewéko tí ó máa ń kọ́kọ́ tán ni milkweed, èyí tí oje rẹ̀ funfun bíi wàrà. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni òun àti bọmubọmu wa, tí àwọn Fúlàní fi ń mú kí wàrà dì. Labalábá aláwọ̀ ọsàn kan tí wọ́n ń pè ní monarch kì í yé ẹyin sí orí ewé mìíràn, nítorí òun nìkan ni àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹ. Àwọn òkè kan ní Mexico ni labalábá yìí ti ń lo ìgbà òtútù, Texas sì ni ó ń gbà lọ, tí ó tún ń gbà bọ̀. Bí kò bá rí milkweed lójú ọ̀nà, kò sí ìran mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Tallamy ti Yunifásítì Delaware ṣàlàyé pé ẹyẹ kékeré tí a ń pè ní chickadee, akọ àti abo, nílò kòkòrò ajẹwé tí ó tó 6,000 sí 9,000 kí wọ́n tó lè tọ́ ọmọ inú ìtẹ́ kan dàgbà. Ewéko àjèjì lè dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kòkòrò ibẹ̀ kò lè jẹ ẹ́. Ẹni tí ó kún ọgbà rẹ̀ fún wọn ti tẹ́ tábìlì tí kò sí oúnjẹ lórí rẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá mi wá láti Oǹdó láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, mo sì mú wọn lọ sí ọjà náà. A kò tí ì rìn jìnnà tí wọ́n fi dúró lójijì níwájú ìsọ̀ kan. Ewéko kan wà níbẹ̀ tí òdòdó rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àlùkò, labalábá bò ó, àwọn ènìyàn sì tò láti rà á. Màmá mi já ewé kan, wọ́n fi ìka rà á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Àdùkẹ́, Akíntọ́lá mà ni wọ́n ń tà yìí! Èló ni?"

"Dọ́là mẹ́jọ ni, Màmá."

"Dọ́là mẹ́jọ! Akíntọ́lá! Ẹ gbà mí o!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Chromolaena odorata. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, bí ẹni pé òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà kò fi igbó sílẹ̀. Ìyá mi ní kí n bá àwọn ṣe ògbufọ̀ fún obìnrin àgbàlagbà tí ó ń tà á. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ewé yìí ni ó gba oko lọ́wọ́ bàbá àwọn. Bí wọ́n bá ro ó lónìí, yóò hù lọ́la. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò gbẹ, iná tí ó bá ràn án yóò sì jó dé ìdí kòkó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n ní òun náà kúkú ni àwọn ń gún lé ojú ọgbẹ́ àdá kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́tí títí ọ̀rọ̀ fi tán. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé pé gúúsù Texas, nítòsí ààlà Mexico, ni ilé ewéko náà ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì nà dé Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Kòkòrò púpọ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ ní ilé rẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí ó gbèrú kọjá àyè. Ní Houston, òtútù tún máa ń pa á wálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ilé ni níbí, ìyá. Lọ́dọ̀ yín, àlejò tí kò sí ẹni tí ó lè bá a wí ni."

Ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ obìnrin náà mu. Àwọn olùṣèwádìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìparí àwọn ọdún 1930 ni èso rẹ̀ wọ Nàìjíríà, nígbà tí ó fara pamọ́ sáàrin èso igi melína tí ìjọba kó wá láti Sri Lanka. Ó wọlé, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ kò bá a wá. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ewé kan náà ni. Ní ibì kan, oúnjẹ labalábá ni. Ní ibòmíràn, ọ̀tá àgbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà nìkan ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ etíkun Texas jẹ́ tẹ́lẹ̀, koríko gíga àti òdòdó lọ súà. Ohun tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ báyìí kò tó ìdá kan nínú 100. Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n ta ilẹ̀ kan nítòsí ọ̀dọ̀ wa fún àwọn tí ń kọ́lé. Ẹni tí ó rà á gbà wá láyè ọjọ́ Sátidé méjì. A kó ṣọ́bìrì àti korobá lọ, a ń hú koríko tàgbòǹgbò-tàgbòǹgbò. Ní ọjọ́ Ajé, katapílà dé. Díẹ̀ ni a rí kó. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni ìyókù dà. Inú ọgbà ilé ìwé kan ni púpọ̀ nínú èyí tí a kó wà báyìí.

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni a ń sáré gbà là. Gbòǹgbò àwọn koríko ọ̀dàn mìíràn a máa wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, a sì máa lànà fún omi òjò láti wọ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní Houston nígbà ìjì Harvey, ní oṣù kẹjọ 2017, kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un ohun tí omi tí kò ríbi wọ̀ lè ṣe sí ilé àti dúkìá.

Síbẹ̀, gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó ń rí ọ̀dàn bí ohun iyì. Nígbà tí mo gbin díẹ̀ sí iwájú ilé, ìgbìmọ̀ àdúgbò wa kọ̀wé sí mi pé kí n gé "igbó" mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n ó san owó ìtanràn. Òru méjì ni n kò fi sùn dáadáa, nítorí owó tí wọ́n dá lé e kì í ṣe kékeré fún ìdílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi hàn mí pé láti 2013 ni òfin Texas ti kọ̀ fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ka ọgbà tí kì í jẹ omi púpọ̀ léèwọ̀ pátápátá. Wọ́n tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi òkúta yí etí rẹ̀ ká, kí n sì fi pátákó kékeré sọ orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kejì kò wá.

Àsìkò náà ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n ti kọ́ nípa ewéko àjèjì ní ilé ìwé, bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé àwa náà jẹ́ ewéko àjèjì níbí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Mo pè é jókòó. Mo sọ fún un pé ènìyàn kì í ṣe ewéko. Akíntọ́lá kò mọ̀ pé oko olóko ni òun wọ̀, kò sì lè yà kúrò lọ́nà fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ tí ó bá dé pé, "Kí ni ó wà níbí kí n tó dé, báwo ni mo ṣe lè bá a gbé?" Àlejò tí ó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ ìdáhùn, kì í ba ilé jẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa nílé, ìbéèrè yẹn tọ́ sí ẹ̀yin náà. Láti Éṣíà ni melína àti tíìkì ti wá. Íńdíà ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ gíga tí a ń pè ní "masquerade", tí ó kún iwájú ilé wa, ti wá. Ta ni ó ń gbin orógbó, òro, apá àti àgbálùmọ̀? Àjọ IITA ní Ìbàdàn ti fi igbó tí ó tó nǹkan bíi héktà 350 sílẹ̀ nínú ọgbà wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ igi ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ kan kò lè dá a ṣe. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ lè ṣe irú ọjà tí à ń ṣe níbí. Kò ju èso tí ó gbó, ike, yẹ̀pẹ̀ àti sùúrù lọ.

Ìyá mi ti padà sí Oǹdó. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù pé ọmọ àgbálùmọ̀ 40 ti hù nínú ike lẹ́yìnkùlé àwọn, àti pé àwọn yóò kó wọn lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi wọ́n pé èló ni wọn yóò tà á.

Wọ́n ní, "N kò ní tà á ní dọ́là mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè sọ ibi tí yóò gbìn ín sí fún mi, kò ní rí i rà."